Ebè Inú Irin: Ọgbọ́n Tí Ń Tu Abẹ̀bẹ̀ Ẹ̀rọ Lára

Abiyamọ tí ó bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kì í kàn máa wò ó níran. Yóò fi ṣíbí rò ó, yóò dà á láti inú abọ́ kan sí òmíràn, kí èyí tó gbóná nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè, kí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i. Kò dìgbà tí ó bá kàwé kí ó tó mọ̀ pé ohun gbígbóná tí a bá ń rú ni ó ń tètè tutù. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò láti dáàbò bo ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ń lo gáàsì, irú èyí tó wà ní Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn ni a kọ́kọ́ ń fún pọ̀, a ó wá da epo tàbí gáàsì sí i, a ó sì ṣáná sí i. Èéfín gbígbóná tó jáde ni ń ti àwọn abẹ̀bẹ̀ irin yí. Nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé, ooru èéfín náà lè ju 1,500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ ni irin tí a fi ṣe abẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ń yọ́ ní nǹkan bí 1,300 sí 1,400. Kí ni kò jẹ́ kí ó yọ́ bí òrí inú oòrùn?

Ihò ni a dá sí inú rẹ̀. Atẹ́gùn tí iná kò tíì kàn ń gba inú ihò náà kọjá, ó sì ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n bí ara ihò bá jọ̀lọ̀, atẹ́gùn tó súnmọ́ ògiri yóò máa wọ́ bí ìgbín, yóò sì bo ògiri náà bí aṣọ òtútù. Nítorí èyí ni a fi ń kọ ebè kéékèèké sí ara ihò, bí ebè inú oko, tí poro wà láàárín wọn. Bí atẹ́gùn bá kọsẹ̀ lára ebè, yóò fò kọjá, yóò máa pòòyì lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì tún balẹ̀ sínú poro. Rúkèrúdò yìí ń ti èyí tó gbóná sí àárín, ó ń fa èyí tó tutù wá sí ẹ̀gbẹ́. Ooru tí ó ń gbé lọ lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ihò tó jọ̀lọ̀.

Àmọ́ ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ebè ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́, agbára sì ni a fi ń tì í kọjá. Atẹ́gùn tí a ń yà sọ́tọ̀ fún ìtutù lè tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo èyí tí ẹ̀rọ fà wọlé. Báwo ni kí ebè ṣe ga tó? Báwo ni wọ́n ṣe gbọdọ̀ jìnnà síra? Ṣé kí wọ́n dúró gbọọrọ ni, àbí kí wọ́n dagun?

Ìṣirò ni a fi ń wá ìdáhùn. Claude-Louis Navier ní 1822 àti George Stokes ní 1845 ti gbé òfin ìṣàn kalẹ̀. Ní 1883, Osborne Reynolds da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì ní Manchester: nígbà tí omi rọra ń lọ, aró náà gún bí òwú; nígbà tí ó sáré, aró fọ́n káàkiri. Fífọ́n yìí ló ń dààmú oníṣirò. Kọ̀ǹpútà a máa pín inú ihò sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn ìjì kan kéré ju ojú àwọ̀n lọ. Nítorí náà ni Brian Launder àti Brian Spalding ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe gbé ọ̀nà kan jáde ní 1974, tí ń fi ìwọ̀n àárín gbùngbùn dípò ìjì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà náà dára nínú ọ̀pá tó gún. Lẹ́yìn ebè, níbi tí atẹ́gùn ti ń ṣẹ́rí padà, ó máa ń ṣìnà. Àṣìṣe náà kì í ṣe ohun eré: bí a bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 30 péré ṣi ooru irin náà gbé, ọjọ́ ayé abẹ̀bẹ̀ lè dín kù sí ìdajì. Abẹ̀bẹ̀ tó bá já lójijì lè ba gbogbo ẹ̀rọ jẹ́. Òde òní ní ọ̀nà tó péye jù, èyí tí ń ṣírò àwọn ìjì ńlá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ìdí nìyẹn tí ìdánwò kò fi lè kúrò nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni Je-Chin Han àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń wọn ooru nínú ihò eléèbè, èsì wọn sì wà lára ohun tí àwọn oníṣirò fi ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Abiyamọ tó ro ẹ̀kọ títí, tí ó dà á lábọ́ dé abọ́, yóò ṣì kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó gbé e sí ọmọ lẹ́nu.