Ẹnu Ẹni Tí Ìjì Kọlù Ni Ká Ti Gbọ́ Ọ

Nígbà tí ìjì Katrina jà wọ etíkun gúúsù Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ohun tó ba ìlú New Orleans jẹ́ gan-an ni pé àwọn ògiri tí ìjọba mọ láti fi dá omi dúró ya. Omi bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ìrántí òkú, Bíbélì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, gbogbo rẹ̀ rà sínú ẹrẹ̀. Èyí tó wà lórí ahọ́n nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Èrò mi ni pé ó yẹ ká tètè kó ìyẹn náà yọ, bí a ti ń kó èèyàn yọ, kó sì jẹ́ pé àwọn tí omi lé jáde nílé ni yóò mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání.

Bí ẹni tó ni ìtàn ò bá tíì sọ ọ́, ẹlòmíì á ti bá a sọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ìròyìn ti gba ìgboro pé ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ ń lọ ní rẹpẹtẹ nínú Superdome, pápá ìṣeré tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá sí. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ irú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, lórí afárá Danziger nínú ìlú náà, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tí kò mú ohun ìjà kankan dání. Méjì kú, mẹ́rin fara gbọta. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá náà kọ sínú ìwé ni pé àwọn yẹn ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ọdún 2016 ni ọlọ́pàá márùn-ún tó wá gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Ká ní àwọn tó fara gbọta àti ẹbí àwọn tó kú dákẹ́ ni, ìwé irọ́ yẹn ni ì bá di ìtàn.

Ní Houston, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá wa pọ̀ sí, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ìjì lé sì sá lọ, Carl Lindahl, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu ní yunifásítì ibẹ̀, àti Pat Jasper ṣe ohun tó yẹ kó di àwòkọ́ṣe. Wọ́n kọ́ àwọn tí ìjì lé ní bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n sì sanwó fún wọn kí wọ́n máa gba ohùn ara wọn. Ìtàn tó jáde yàtọ̀. Àwọn tí ìwé ìròyìn pè ní olè, àwọn kan rántí wọn bí ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá omi àti oúnjẹ kiri fún àwọn arúgbó. Èèyàn kì í sọ irú èyí tán fún àjèjì. Ẹni tí omi wọ ilé tirẹ̀ náà ni a ń sọ ọ́ fún, torí kò ní béèrè ìdí tí a ò fi tètè kúrò nílé.

Àwọn kan á ní ìrántí a máa ṣàṣìṣe, òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ ará Lower Ninth Ward, àdúgbò kan ní New Orleans, gbọ́ ìró ńlá kan, wọ́n sì gbà pé ńṣe ni wọ́n fi dáínámáìtì fọ́ ògiri omi náà. Ìwádìí kò ti ìyẹn lẹ́yìn. Àmọ́ lọ́dún 1927, wọ́n fi dáínámáìtì fọ́ ògiri omi ní Caernarvon lóòótọ́, kí omi lè ya sórí àwọn ará ìgbèríko, kí New Orleans lè là. Ẹni tó bá da ìtàn náà nù nítorí àṣìṣe yẹn ti da ìdí tí àwọn èèyàn kò fi gba ìjọba gbọ́ nù pẹ̀lú rẹ̀. Ká gbà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ká sì fi ìwádìí àwọn ẹnjiníà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó wúwo jù lójú mi ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń béèrè pé, ẹni tí kò tíì rí òrùlé bo orí, tí ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jiná, ṣé òun la fẹ́ máa bi ní ìtàn? A ò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì sọ ọ́ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ká pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san ní Houston ti dáhùn apá kan ìbéèrè náà: iṣẹ́ ni ìgbohùnsílẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ìjì lé, owó iṣẹ́ sì ń ra oúnjẹ. Àwọn àjọ tó ń pín búláńkẹ́ẹ̀tì lè fi owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ètò wọn láti ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí èèyàn ṣì rántí orúkọ ẹni tó wà lórí òrùlé kejì.