Màmá, Ẹ Gba Físà Kí Ẹ Tó Wọ Mọ́tò-Ilé

 

Ìyá wa kan tó ń taṣọ ló kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní London ní kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó ní àwọn á háyà mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, àwọn á sì fi ọ̀sẹ̀ méjì rọra rìn kiri abúlé ilẹ̀ Faransé. Ọkàn Màmá kò balẹ̀. Wọ́n ní owó àjọ tí àwọn fẹ́ fi kó ọjà ni àwọn á fi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n tún béèrè pé ṣé ọmọ àwọn kò rówó hòtẹ́ẹ̀lì san ni, tí àgbàlagbà á fi máa sùn sínú mọ́tò bíi kọ́ńdọ́ mólùè?

Màmá, kì í ṣe ìṣẹ́ o. Ilé lórí táyà ni mọ́tò yìí. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù onígáàsì wà, fíríìjì kékeré wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Táńkì omi mímọ́ wà lọ́tọ̀, ti omi ìdọ̀tí wà lọ́tọ̀. Camping-car ni àwọn Faransé ń pè é, àwọn àgbà wọn tó ti fẹ̀yìn tì sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọmọ yín mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ rọra rìn ló yẹ kó ṣètò ju ẹni tó ń sáré lọ. Bí kò bá ṣètò, ibi tílẹ̀ ò yẹ kó ṣú u sí nilẹ̀ máa ṣú u sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí físà, torí ibẹ̀ ni owó àjọ yín ti lè wọmi. Físà Ìlú Ọba kò ṣílẹ̀kùn ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen lọ́tọ̀. Bí ọmọ yín náà bá ṣì ń lo ti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kàn án. Ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ́ dé London kẹ́ ẹ tó gbà á o! Ìlú téèyàn ń gbé ni wọ́n ti ń gbà á, nítorí náà ilé níbí ni kẹ́ ẹ ti parí rẹ̀. Ẹ lè mú ìwé lọ láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí 15. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, bí wọn ò bá sì fún yín ní físà, wọn ò ní dá owó padà. Ẹ tún máa ní ìnṣọ́ránsì ìwòsàn tí kò dín sí 30,000 yúrò.

Ẹni tó bá fojú di èyí, Dover ló máa mọ̀. Níbẹ̀, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ni àwọn ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra lọ sí Calais. Wọ́n á dá yín padà, owó háyà mọ́tò á sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ńkọ́? Ẹran, pọ̀nmọ́ àti wàrà kò gbọdọ̀ wọlé láti Nàìjíríà tàbí láti Ìlú Ọba. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀ kò burú, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ.

Kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò bóyá ó gbà kó sọdá òkun. Kó sì béèrè bó ṣe wúwo tó, torí ẹni tó gba ìwé ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba láti 1997 wá, tí kò ṣe ìdánwò mìíràn, kò gbọdọ̀ wa èyí tó ju kílò 3,500 lọ. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Faransé, bíi tiwa láti 1972. Òun tó ti mọ́ lára láti gba òsì ní London ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́!

Ẹ sọ fún un kó má pinnu láti rí gbogbo Faransé tán. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Kẹ́ ẹ mú agbègbè kan ṣoṣo, bíi etí odò Dordogne. Ó lé ní 700 kìlómítà sí Calais, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ín. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ máa gbádùn Sarlat: ọjọ́rú àti sátidé ni ọjà wọn. Nítòsí ibẹ̀, ní Montignac, ni ihò Lascaux wà, tí àwọn ọmọdékùnrin ṣàwárí ní 1940. Àwọn ará àtijọ́ ya màlúù àti ẹṣin sára ògiri rẹ̀. Èémí èrò ń ba àwòrán náà jẹ́, ni wọ́n bá tì í pa ní 1963. Àwòkọ rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2016 lẹ máa wò.

Tó bá dọ̀rọ̀ oorun, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ló ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní aire. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, òmíràn á gba yúrò díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sábà ń bu omi, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí nù. Ẹ má jẹ́ kó dà á sí gọ́tà o. Bó bá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ France Passion, àwọn àgbẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ sun oko wọn mọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ní fipá mú yín rajà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí.

Ṣọ́ọ̀bù abúlé sábà máa ń tì lọ́sàn-án láti aago méjìlá sí méjì, àti lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ sọ pé bonjour. Lójú wọn, ẹni tí kò kíni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé kì í ṣe bíi tiwa?

Màmá, ẹ lọ o. Ṣùgbọ́n kí físà méjèèjì wọlé ná kẹ́ ẹ tó kó àjọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.