Ọmọ tó ń tọ́jú arúgbó tó ń ṣarán, owó oṣù tọ́ sí i

Bí wọ́n bá bi àwọn ará Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànràn pé èló ni wọ́n ń ná lórí arúgbó tó ń ṣarán, owó oògùn àti owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ yóò kà. Díẹ̀ ni yóò rántí èyí tó pọ̀ jù: owó iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé ló sábà máa ń ṣe é. Ìyá tó ń jáde lóru, tó ń gbàgbé iná sídìí ìkòkò, kò ṣe é dá fi sílẹ̀ lọ sóko. Gàrí tí ọmọ yẹn ìbá yan, ọjà tí ìbá ná, ó ti wọmi nìyẹn. Àwọn tó wà nígboro yóò fi ìrẹsì ránṣẹ́ lọ́dún, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tàwọn.

Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Lọ́dún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè. Èsì ọdún 1995 fi hàn pé bíi 2 nínú 100 ló ní in. Ó kéré sí tàwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i.

Títí di òní, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Ẹbí tó bá ta ilẹ̀ kòkó nítorí ìwòsàn àjẹsára irọ́ kan, gbèsè ló rà. Ohun tó yẹ kí wọ́n náwó lé ni àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó Tony Anenih tó ṣí ní UCH lọ́dún 2012. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àṣìlò oògùn lè jọ ìṣarán, ìyẹn sì ṣe é wò.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ilé ni ìtọ́jú wà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí wọ́n bá fi gba olùtọ́jú, 840,000 náírà ni lọ́dún. Iye iṣẹ́ tí ọmọ kan ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bí ọmọ mẹ́rin bá pín in, 17,500 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá ti fi agbára san tiẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta yòókù san 52,500 náírà fún un lóṣooṣù.

Ìjọba náà ní tiẹ̀: kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bí wọ́n ṣe ń dá àìsàn yìí mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹbí má dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣèpàdé. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn ò sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni kó máa fún un lọ́mú.