Ta Ló Kọ Ọjọ́ Tí O Kọ́kọ́ Rìn Sílẹ̀?

 

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń ṣètò ojú ewé àwọn tó ń jáde lọ, a fi ìbéèrè méjì kún fọ́ọ̀mù tí a máa ń pín fún wọn. Wọ́n kọ orúkọ, ìlú bàbá, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn àti irú ẹni tí wọn yóò fẹ́ (àwọn kan kọ ti èyí dé ẹ̀yìn ìwé). Ìbéèrè tuntun náà ni pé: "Oṣù mélòó lo pé kí o tó rìn? Ọ̀rọ̀ wo lo kọ́kọ́ sọ?" Ẹ̀rín lásán la fẹ́ fi rín. Nígbà tí fọ́ọ̀mù padà dé ọwọ́ wa, ẹni méjì péré ló rí nǹkan gidi kọ síbẹ̀. Àwọn yòókù fi àyè náà sílẹ̀ lófo, àfi ẹnì kan tó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Èmi kò sí níbẹ̀."

Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀, kí ló sì fi ohun tó rí ṣe? Èrò tiwa ni pé òbí tó bá ń tọ́ ọmọ lẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ máa kọ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà sílẹ̀, tọmọ àkọ́kọ́ tọmọ ìkẹyìn, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ni kò ṣe é. A kò sọ èyí láti bú wọn o. Àwọn ló ń san owó ilé-ìwé wa.

Nílé, yálà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó báyìí. Ìyá àgbà tó wẹ ọmọ ní ọmọ tuntun ṣì wà ní yàrá kejì. Ó mọ ọjọ́ ọjà tí eyín àkọ́kọ́ yọ. Ó mọ ẹni tí ọmọ náà kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó mọ ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún un tí wọ́n tú u kí wọ́n tó tún un sín. (Bí a bá rò ó dáadáa, ìwé ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an: bí ó bá fún, ọmọ ń sanra, bí ó bá ń yọ̀ bọ́, ìyá á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ.) Àwọn baba ńlá wa kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, síbẹ̀ wọ́n mọ ọjọ́ orí ara wọn. Wọ́n á ní ọdún lukulúkú ni wọ́n bí lágbájá, ìyẹn 1918. Wọ́n á ní ọmọ rẹ̀ ti ń rìn lọ́jọ́ tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní 1947. Wọ́n á ní ọdún tí owó di náírà ni wọ́n já ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ìyẹn 1973. Ìṣírò yìí dára, ṣùgbọ́n ó nílò èrò. Àfi kí ogún ènìyàn jọ rántí ọjọ́ kan náà kí ó tó lè dúró.

Àwa tí wọ́n bí sí Àríwá kò ní èrò yẹn. Ìyá àgbà wọ ọkọ̀ wá láti ilé, ó wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, ó sì padà lọ sídìí ọjà rẹ̀. Àwọn tó kù ni bàbá, ìyá, àti àwọn aládùúgbò tí wọ́n jẹ́ Hausa, Igbo àti Gbagyi. Wọ́n ṣe dáadáa sí wa, wọ́n pọ̀n wá, wọ́n fún wa ní kókó mu. Ṣùgbọ́n onílé lé lágbájá, ìjọba gbé tẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó rí wa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dìde dúró ti di ẹni tí a kò mọ ibi tó wà mọ́. Ohun tó bá ti bọ́ lórí ìyá ti sọnù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun kò sí níbẹ̀. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí ó fi bínú, ó sì gbé ìwé kan tó ní èèpo líle wá fún wa. Ìwé tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni, nítorí pé télọ̀ ni bàbá náà. Láti iwájú, orúkọ àwọn ènìyàn ló kún ibẹ̀: èjìká, àyà, gígùn apá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò, iye tó san sílẹ̀, iye tó kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i láti ẹ̀yìn, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni oníbàárà ibẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ, íńṣì 20. Ọdún kan, íńṣì 29. Ọdún méjì, íńṣì 34. Tépù tó fi ń wọn agbádá náà ló fi wọ̀n ọ́n. Láàárín àwọn nọ́ńbà yìí ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí ní èdè Yorùbá, láìfi àmì kankan sí i: pé ó hu eyín méjì nísàlẹ̀, pé ó jókòó fúnra rẹ̀, ó sì ṣubú sápá ọ̀tún, pé ó gbé bọ́tìnnì mì, wọ́n sì dúró de bọ́tìnnì náà di ọjọ́ kejì, pé òní ló kọ́kọ́ pe òun ní "bàbá", ṣùgbọ́n ó pe ewúrẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé méje ni. Kò sí kéèkì kankan nínú rẹ̀, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí àlejò pàtàkì. A kà á tán, ó sì ń ṣe wá bíi pé a mọ ọmọ náà. Ọ̀rẹ́ wa wá ní: "Ẹ ti rí i? Ojú ewé méje ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Àbíkẹ́yìn ni mí, mi ò ní ìlà kan." Ìdí tó fi kọ ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù wá yé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àṣà òyìnbó aláìníṣẹ́ ni irú àkọsílẹ̀ yìí. Lóòótọ́, Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, kọ ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1839, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1877. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa gan-an ni ohun tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ikú ọmọdé ti pọ̀ gan-an nígbà náà. Ohun èlò rẹ̀ kò ju bébà líle kan lọ. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì síbi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé, wọ́n á fa ìlà láti àmì tó kọjá wá sí tòní. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá dúró lójú kan, tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, ebi tàbí àìsàn ti wọlé, ojú ìyá ì báà má tíì rí i. Ìyá ló ń gbé káàdì náà lọ sílé, òun náà ló ń gbé e padà wá. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé tọ́jú ìwé ọmọ wọn. Ta ni nínú wa, àwa tí a mọ̀wé tó báyìí, ló mọ ibi tí káàdì tirẹ̀ wà? Òfin 1992 sọ pé dandan ni kí a forúkọ ọmọ tí a bí sílẹ̀, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé ọmọ ni ìwé ìbí mọ̀.

Àwọn àgbà kan yóò ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rù yẹpẹrẹ. Ìran tó sọ ọmọ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé mọ ohun tí ojú òun rí. Ta ló fẹ́ kọ oṣù kẹta sílẹ̀ nígbà tí kò dá a lójú pé oṣù kẹrin yóò bá ọmọ láyé? A kò ní fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. A kàn ń sọ pé àkọsílẹ̀ wà lára ohun tó dá ọmọ dúró ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ohun tí a kò fẹ́ ni ìdíje, kí ìyá kan máa fi "tèmi ti rìn" yọ ìyá kejì lẹ́nu. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láti bí oṣù 8 títí dé bí oṣù 18. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rá kí wọ́n tó rìn.

Ẹlòmíràn yóò ní fóònù ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Fóònù wo? Èyí tí wọ́n jí ní gáréèjì, àbí èyí tó bọ́ sínú omi? Fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan kò sì lè sọ fún wa pé ọmọ pe ewúrẹ́ ní bàbá.

Kí a sì fi Yorùbá kọ ọ́, nítorí pé nílé ọ̀pọ̀ wa ibẹ̀ nìkan ni a ó ti rí i kà. Ṣùgbọ́n kí a kọ òótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dáhùn kọ "ruwa" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí ìyá rẹ̀ bá wà láàárín àwọn ará ilé, "omi" ló máa ń sọ fún wọn. Ojú ń tì í. Ní tiwa, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kàdúná la bí i sí, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa, ọmọ télọ̀, lọ sílé nínú ìsinmi. Ó bi ìyá rẹ̀ pé: "Màámi, kí ló dé tí Bàámi kò kọ tèmi?" Ìyá náà ní kí ó jókòó. Ó ní oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni, nígbà rògbòdìyàn Kàdúná. Ṣọ́ọ̀bù jóná, máṣíìnì mẹ́ta jóná, aṣọ oníbàárà jóná. Ìwé yẹn kò jóná nítorí pé bàbá ti gbé e wá sílé láti ṣírò gbèsè. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, gbogbo wọn sì há mọ́ yàrá kan. "Ó kù díẹ̀ kí o pé ọdún kan. O di bẹ́ẹ̀dì mú, o fi í sílẹ̀, o gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ bá bàbá rẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí iná ti jó. Kí ló fẹ́ẹ́ fi kọ ọ́? Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sí ojú ewé kẹjọ, ó sì gbé e fún bàbá rẹ̀. Bàbá kà á, kò sọ nǹkan kan. Ó mú tépù, ó ní kí ó dúró ti ògiri. Íńṣì 70.

A ti tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ló kù, ìyá rẹ̀ kò rántí.