Agbo Tí A Fi Pamọ́ fún Oníṣẹ́ Abẹ



Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwa tí a ń tọ́jú aláìsàn ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò. Bí ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ kíndìnrín rẹ̀ jìnnà bá lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí kò sì padà wálé, a ó ní ọ̀bẹ òyìnbó ni ó pa á. A kì í bi ara wa léèrè ohun tí ó ń mu títí di òru ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Yíyọ kíndìnrín kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni ó ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá pẹ́ níbẹ̀, a máa tóbi, a sì lè lẹ̀ mọ́ ìfun tàbí ẹ̀dọ̀. Nínú aláìsàn bí 4 sí 10 nínú 100, a máa rá wọ inú iṣan ńlá tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Dókítà yóò la iṣan náà kí ó tó lè fa á jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti lè ya bí omi. Ibẹ̀ náà ni èérún rẹ̀ ti lè já, kí ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kí èémí sì dá lójijì.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tètè dì tún gbé ewu lé ewu. Ááyù púpọ̀ lè fa èyí (kì í ṣe ìwọ̀nba inú ọbẹ̀ ni mo ń wí), àwọn dókítà a sì máa ní kí a dá a dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Agbo àti àgúnmu wa mélòó ni kò ní ááyù? Síbẹ̀, bí dókítà bá béèrè ohun tí aláìsàn ń lò nílé, "N kò lo nǹkan kan" ni èsì. Àwa ni a kọ́ ọ. A ní awo ni.

Kì í ṣe awo! Awo ni ohun tí a mulẹ̀ lé lórí. Agbo tí a rọ sínú ìgò fún ẹni tí kò tẹfá rí, tí ó fi owó rà á lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, kò di awo nítorí pé dókítà béèrè rẹ̀.

Ẹ óo ní àwọn dókítà a máa pẹ̀gàn wa, wọn a sì máa jágbe mọ́ aláìsàn tí ó bá jẹ́wọ́. Òótọ́ ni, ìwà náà kò sì dára. Ẹni tí a bá kàn lábùkù lónìí yóò purọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kò ní dúró de ìgbà tí a bá parí ìjà.

Ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ tún wà. Láti ọdún 1869 tí Gustav Simon ti yọ kíndìnrín obìnrin kan ní Heidelberg, ní Jámánì, tí obìnrin náà sì yè, ni ayé ti mọ̀ pé ọ̀kan tó gbé ènìyàn ró. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà kò ní ẹnìkejì mọ́. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tí ó tó 100 lo ewé tí a ní yóò mú wọn fọ́nrán; wọ́n ti ṣi ewé kan mú dípò òmíràn, Aristolochia ni wọ́n mú. Kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì mú ọ̀pọ̀ wọn ní ọ̀nà ìtọ̀. Ní 2002, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Ìdílé ewé yìí gan-an ni akọ igun tí a ń tà lọ́jà wa. Ta ni yóò fi fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ku kíndìnrín kan?

Ní oṣù Ògún 2023, ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe. A jó, a yọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kà òun sí oníṣègùn ní láti lè dárúkọ ewé tí ó fún aláìsàn.

Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹni tí ó po agbo náà kì yóò sí nítòsí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ewé, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí aláìsàn mu ún kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe fi agbo àtọ̀sí dá a dúró. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, kí àwa tí ara wa le lọ fún un ní ẹ̀jẹ̀, kí a sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ ní Òkòkómáíkò.