Ta Ló Ń Ra Ìwé Fún Dókítà Wa?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù wa kiri: kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Àwọn tó fi ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá wa ni, ẹ̀gbọ́n wa ni, alágbà ìjọ ni. Àwọn kan mu ún, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn kú. Iyọ̀ pa ẹni tí Ebola kò dé ìlú rẹ̀.

Ní oṣù tó ṣáájú, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ti fura sí aláìsàn kan tó ti Làìbéríà wọ Èkó. Àrùn náà kò wọ orílẹ̀-èdè yìí rí, síbẹ̀ ó dá a mọ̀, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Dókítà mìíràn tó kó àrùn náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí Ọlọ́run dá sí, sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti kà nípa rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, tí òun sì ń fi agídí mu omi ORS. Iyọ̀ wà nínú ìyẹn náà, àmọ́ iyọ̀ tí a wọ̀n ni.

Irọ́ kì í gba owó ọkọ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ ló ń gbà á. Àpilẹ̀kọ ìṣègùn kan ṣoṣo lè ju 30 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbìmọ̀ MDCN kì í sọ ìwé àṣẹ dókítà dọ̀tun láìrí ẹ̀rí pé ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tí kò ní iná, tí kò ní dátà, níbo ni yóò ti kà á?

Àwọn kan á ní àdúrà tó. A kò ní ṣíwọ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni Lúùkù, ó sì tọpinpin ohun gbogbo kí ó tó kọ̀wé.

Láti ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá ètò Hinari sílẹ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè tí owó kò tó lè ka ìwé wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Dókítà kò lè dá forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń ṣe é. Ẹ̀yin ìjọ tó ní ilé ìwòsàn, ṣé ẹ ti ṣe é? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń bá wa jọ́sìn ohun tí wọ́n nílò. Owó aṣọ ẹgbẹ́ lè ṣèrànwọ́ láti ra dátà àti bátìrì fún ilé ìwòsàn kékeré.