Díẹ̀díẹ̀ Kọ́ Ló Máa Wo Amẹ́ríkà Sàn

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera bá délẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbà òṣèlú a ní kí ará ìlú fara balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èmi kò gbà. Ọlọ́gbà kò sùn. Kí imú ẹlẹ́dẹ̀ tó wọlé tán, ó ti dí ihò náà pa.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu ètò adójútòfò ìlera ìjọba méjì, Medicare àti Medicaid, nínú òfin kan ṣoṣo. Àgbà tó ti pé ọdún 65 ni Medicare wà fún, olówó àti tálákà. Kò pé ọdún kan tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, arúgbó tó lé ní mílíọ̀nù 19 sì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé ìwòsàn apá Gúúsù tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní láti jáwọ́ kí wọ́n tó lè rí owó rẹ̀ gbà. Òfin tó kó gbogbo ènìyàn mọ́ra ló ń lágbára bẹ́ẹ̀.

Ti aláìní ni Medicaid ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá wù ló sì ń gbà á. Arizona kò gbà á títí di 1982.

Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin adójútòfò ìlera tirẹ̀ ní oṣù Kẹta 2010, ṣùgbọ́n 2014 ni apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn alátakò kò fi àkókò yẹn ṣòfò. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò pọn dandan kí ìpínlẹ̀ kankan fẹ Medicaid lójú bí òfin náà ti pa á láṣẹ. Texas kọ̀, ó sì ń kọ̀ títí dòní. Ní Houston, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, àgbàlagbà ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ara rẹ̀ pé, tí kò lọ́mọ, kò lè rí Medicaid gbà bó ti wù kó tòṣì tó. Ìrànwọ́ owó tí òfin Obama ṣètò náà kò kàn án, nítorí owó tó ń wọlé fún un kéré jù! Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ni wọ́n fi sẹ́yìn.

Àwọn tó fara mọ́ òfin Obama á ní ó gba ẹ̀mí là. Òótọ́ ni. Àwọn tí kò ní adójútòfò dín kù láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 ní 2010 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 ní 2023. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò ti ń gba àǹfààní náà padà. Ní oṣù Keje 2025, Ààrẹ Trump buwọ́ lu òfin tí yóò máa béèrè ẹ̀rí iṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wà lórí Medicaid. Àwọn oníṣirò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fúnra wọn ní òfin yìí yóò sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn di aláìní adójútòfò tó bá fi di 2034. Medicare ńkọ́? Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ló ń búra pé àwọn kò ní fọwọ́ kàn án, torí òbí olówó àti òbí tálákà ló jọ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà náà hàn kedere. Kí ilé aṣòfin gbé Medicare dé ọ̀dọ̀ ọmọdé àti àgbà nínú òfin kan, kí gómìnà kankan má lè kọ̀ ọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan bíi ti 1966. Owó orí yóò pọ̀ sí i. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí wọ́n sì sọ pé owó oṣooṣù tí ìdílé ń san fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò dópin. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ti ní ẹ̀tọ́ ìbò ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe dìbò fún ẹnikẹ́ni tó bá tún ní kí aláìsàn ṣì dúró.